Igbó Inú Irà Tó Ń Bọ́ Douala

Kí àwọn ará Jámánì tó bá àwọn ọba Bell àti Akwa tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní oṣù Keje 1884, àwọn ará Duala ní Kamẹrúùnù ti ń pa ẹja odò Wouri jẹ. Igbó inú irà tí wọ́n ń pè ní mangrove ló sì ń bọ́ odò náà: abẹ́ gbòǹgbò rẹ̀, tó ta sínú ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ akàn, ni edé àti ọmọ ẹja ń sá sí títí wọ́n á fi dàgbà.

Igi yìí kan náà ni wọ́n fi ń yan ẹja. Ní erékùṣù Manoka, níbi tí ọ̀pọ̀ apẹja ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àwọn obìnrin a to ẹja bọ́ńgà sórí ààrò, wọn a ki igi náà sábẹ́ rẹ̀. Bí kò tilẹ̀ gbẹ tán, á máa jó díẹ̀díẹ̀, èéfín rẹ̀ a sì pa ẹja láwọ̀ dáadáa. Ta ni yóò bá wọn wí? Oúnjẹ oòjọ́ wọn ni.

Ìlú ńkọ́? Ní Mambanda, lápá Bonabéri, wọ́n gé igbó irà, wọ́n kọ́lé sí i. Irà tó máa ń gba omi wá di ilé; ní oṣù Kẹjọ 2020, omi ya wọ ọ̀pọ̀ àdúgbò Douala.

Láti 1932 ni òfin ìjọba amúnisìn Faransé ti ya igbó Douala-Edéa sọ́tọ̀. Ní 2018 ó di ọgbà àdáyébá ti orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n òfin kì í yan ẹja. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ CWCS, ẹgbẹ́ aláàbò àyíká, fi ṣe pàtàkì: wọ́n ti bá àwọn obìnrin agbègbè náà kọ́ ààrò tí kì í jẹ igi púpọ̀.