Ó Le Kú, Ìjà Òrè

Bí ọ̀ràn bá le tán, a máa ń sọ pé, "Ó le kú, ìjà Òrè." Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ ìdí rẹ̀?

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ, ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra sọdá Odò Ọya, wọ́n sì gba Bìní lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ Yorùbá, Victor Banjo, ni ọ̀gá wọn. Bí wọ́n ti dorí kọ ọ̀nà Èkó, Òrè, ní ilẹ̀ Odígbó, ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, Bìní ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ojúkwu sì ti pa Banjo lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀.

Nígbà tí ogun parí ní 1970, Ọ̀gágun Gowon ní kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Síbẹ̀, ó di ọdún 2000 kí ìjọba tó sọ ìléníṣẹ́ àwọn ológun ìhà Biafra di ìfẹ̀yìntì.

Ohun tí àwa fi ń ṣàwàdà, ọgbẹ́ ọkàn ni fún ẹni tó ti ogun dé láìrí ẹnìkejì rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà wọ̀nyí ń dín kù. Ẹ jẹ́ kí a jókòó tì wọ́n, tìhín tọ̀hún, kí a gbọ́ tẹnu wọn. Ẹrù tí a bá rí ẹni sọ ọ́ fún a máa fúyẹ́. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí a rí irú rẹ̀ mọ́.