Leyland: Ìtàn Ilé-iṣẹ́ Bọ́ọ̀sì Tó Kógbá Sílé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Òwe yìí bá ìtàn Leyland mu.

Ọdún 1896 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìlú Leyland, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bọ́ọ̀sì rẹ̀ sì gbòde ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá láyé. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ya wọ Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1970, ìjọba pe àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ láti òkèèrè wá. Ìbàdàn ni Leyland tẹ̀dó sí, ìlú tí àwa ará Ìfọ́n ń gba Òṣogbo lọ.

Àmọ́ títò ni wọ́n ń to ọkọ̀ níbẹ̀. Òkè òkun ni ẹ́ńjìnnì ti ń wá. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ọdún 1986, owó ẹ̀yà ọkọ̀ di ọ̀wọ́n gógó, iṣẹ́ sì dẹnu kọlẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, Volvo ra ẹ̀ka bọ́ọ̀sì Leyland ní 1988. Nígbà tó di 1993, orúkọ Leyland kúrò lára bọ́ọ̀sì tuntun.

Mọ́lúè Èkó ńkọ́? Àwọn wẹ́dà tiwa ló kan ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ti Jámánì ni ẹ́ńjìnnì. Apá kan náà nìyẹn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó mọ títò tí kò mọ rírọ, ọwọ́ ẹlòmíràn ni kọ́kọ́rọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà.