Ẹ̀rọ Àwo Orin àti Wáyà Rẹ̀: Ìtàn Bí Ohùn Yorùbá Ṣe Wọ Inú Ilé

Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ orin ní láti lọ sí ibi tí olórin wà, tàbí kí ó ránṣẹ́ pè é wá sí ilé. Bí onílù bá gbé ọ̀pá ìlù sílẹ̀, orin parí nìyẹn. Bí olórin bá sì papò dà, ohùn rẹ̀ bá a lọ, àfi ìwọ̀nba tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bá rántí. Àwo orin ni ó yí ìṣe yìí padà. Ní 1877 ni Thomas Edison ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ tí ó lè gba ohùn sílẹ̀ kí ó sì tún un sọ. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ní 1887, Emile Berliner gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ jáde, èyí tí ó ń lo àwo pẹlẹbẹ. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní giramafóònù.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ohùn Yorùbá fi wọ inú àwo. Láàárín 1922 sí 1925 ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ àwọn orin ìsìn ní èdè Yorùbá fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ní 1928, Domingo Justus tẹ̀lé e; ní 1936, Tunde King, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí baba orin jùjú, kọrin fún Parlophone. Àwo ẹlẹgẹ́ ni àwo ìgbà náà. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ó fọ́ bí awo amọ̀. Ó ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú kan rẹ̀ kì í sì í gba ju orin bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Ẹ̀rọ tí ó ń lu àwo wọ̀nyí kò ní wáyà kankan. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí sípíríǹgì inú rẹ̀ lè fún. Abẹ́rẹ́ irin a máa tọ ojú ilà àwo, a máa gbọ̀n, ìgbọ̀n náà a sì gba inú ìwo jáde sí etí olùgbọ́. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò so mọ́ ohunkóhun.

Irú ìlú tí ohùn láti ọ̀nà jíjìn ti tètè ń pàdé ni Lọ́kọ́ja í ṣe. Ibẹ̀ ni odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ àsíá Royal Niger Company kalẹ̀ tí wọ́n sì ta ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Ọ̀wọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ èdè Yorùbá, àwọn Nupe, àwọn Hausa, àwọn Ígálà àti àwọn Ebira ń bá ara wọn gbé níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Kwara ni ìlú náà wà títí di ọdún 1991 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀. Adankolo jẹ́ àdúgbò kan nínú ìlú yìí. Níbẹ̀ ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Lọ́kọ́ja, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, ní ọgbà rẹ̀ kan.

Nígbà tí iná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé, ètò gbogbo yí padà. Ní 1948 ni ilé iṣẹ́ Columbia ti Amẹ́ríkà gbé àwo LP jáde, èyí tí ó ń yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Ní 1949, RCA Victor gbé àwo kékeré 45 jáde. Àkókò yìí náà ni rédíògíráàmù di ohun ẹ̀ṣọ́ nínú pálọ̀ àwọn ọlọ́lá. Nínú àpótí igi kan ṣoṣo ni rédíò, ẹ̀rọ àwo àti sípíkà wà. Ẹni tí ó ṣe é ti so gbogbo wọn pọ̀ kí ó tó tà á. Orí abẹ́rẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi béèrè ìrànlọ́wọ́ púpọ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbọ́ I. K. Dairo, ẹni tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963, àti Haruna Ishola, alápàlà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n pawọ́ pọ̀ dá ilé iṣẹ́ àwo Star sílẹ̀ ní 1969.

Lẹ́yìn náà ni àpótí náà tú ká. Ẹ̀rọ àwo dá dúró, ámpílífáyà dá dúró, sípíkà méjì sì dúró ní ọ̀tún àti ní òsì. Orí abẹ́rẹ́ tuntun tí ó ń lo mágínẹ́ẹ̀tì fúyẹ́ lára àwo, ó sì ń gbé ohùn jáde kedere, ṣùgbọ́n iná tí ó ń mú wá kéré gan-an: bí ìdá 5 nínú 1000 fóòtì. Ẹ̀rọ CD, tí ó jáde ní 1982, lè mú tó fóòtì 2 wá. Ìyẹn ni pé agbára ti abẹ́rẹ́ kò ju ìdá kan nínú irinwó lọ. Kò tán síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń gé àwo, wọ́n a máa dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, wọn a sì fi kún ohùn òkè, kí ilà àwo má baà fẹ̀ jù. Láti 1954 ni àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ti fi ẹnu kò sórí òṣùwọ̀n kan fún èyí, tí a mọ̀ sí RIAA, ayé sì gbà á. Ojú ihò tí wọ́n kọ PHONO sí lára ámpílífáyà ni ó ń fún ohùn lágbára, tí ó sì ń dá a padà sí bí olórin ti kọ ọ́.

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì àti CD gbòde, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ yọ ihò PHONO kúrò. Ibí ni ìṣòro òde òní ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan ní Adankolo bá ra ẹ̀rọ àwo tuntun lónìí, tí ó sì kì í bọ ihò AUX ẹ̀rọ tí ó ti wà nílé, ohùn yóò jáde bí ohùn ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò: kò ròkè, kò ní ìdí. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà bàjẹ́.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ámpílífáyà bá ní PHONO, ibẹ̀ ni kí wáyà lọ. Bí kò bá ní in, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àwo tuntun ní bọ́tìnnì tí a lè yí sí LINE, kí wáyà wá lọ sí AUX. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń fi sí àárín wọn. Ẹni tí ó bá yí bọ́tìnnì sí LINE tí ó tún ki wáyà bọ PHONO ti di ẹrù méjì ru ẹyọ orí kan. Ohùn yóò fọ́. Wáyà tín-ín-rín kẹta tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní áàtì kò ṣeé gbàgbé, nítorí òun ni ó ń lé ìkùn bí oyin lọ. Bákan náà, ẹ̀rọ tí a kó bọ̀ láti Amẹ́ríkà lè jẹ́ ti fóòtì 110. Bí mọ́tò rẹ̀ bá ń tẹ̀lé ìlù iná 60 ti ọ̀hún, tí a sì fún un ní 50 ti Nàìjíríà, àwo 33 yóò máa yí bí 28, ohùn olórin yóò sì wúwo bí ti ẹni tí oorun ń kùn.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ilà àwo 78 fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti LP. Abẹ́rẹ́ tóóró ti LP a máa rìn ní ìsàlẹ̀ ilà náà, ariwo ni yóò máa kó jọ. Abẹ́rẹ́ irin giramafóònù àtijọ́ sì lè ba LP jẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun kò tilẹ̀ lè yí ní 78 rárá. Inú àwo ẹlẹgẹ́ wọ̀nyí sì ni Yorùbá tí àwọn ènìyàn ń sọ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn wà: ìró ẹnu wọn, oríkì tí wọ́n ń ki, owe tí wọ́n ń pa, àti bí ìlù ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀. Kò sí ìwé gírámà tí ó lè sọ ìró náà fún akẹ́kọ̀ọ́ bí àwo ti lè sọ ọ́.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ wáyà kì í ṣe ti oníṣẹ́ iná nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè tí ó bá mọ abẹ́rẹ́ tí ó yẹ àwo, tí ó mọ ihò tí ó yẹ wáyà, tí ó sì ti ibẹ̀ gba ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà kí àwo tó fọ́, ti gba ẹ̀rí sílẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ohùn àwọn tí ó wà lẹ́yìn náà kò tíì dákẹ́, bí a bá so wáyà rẹ̀ síbi tí ó yẹ.