CEP: ìdánwò tó ń kó olùkọ́ àtọmọ láyà sókè

CEP (Certificat d'Études Primaires) ni ìdánwò ìjọba táwọn ọmọ ń ṣe ní ìparí CM2, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa ní Pobẹ̀ àti Sakẹ́tẹ́, ìdánwò kan náà tí gbogbo Benin ń ṣe ni, èdè Faransé ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ọmọ tó bá ní 10 nínú 20 ti yege, ó lè wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Èyí tí kò bá ní in, á tún CM2 ṣe, tàbí kó gba oko lọ.

Kí ló ń ni olùkọ́ lára?

Bí èsì bá jáde, iye ọmọ tó yege nínú ọgọ́rùn-ún la kọ́kọ́ ń bèèrè. Àwa ará Plateau máa ń wo ipò tí ẹ̀ka wa wà láàárín àwọn yòókù. Lábúlé, olùkọ́ CM2 nìkan là ń yìn tàbí là ń bú. Ta ló ń bèèrè ẹni tó kọ́ ọmọ náà ní CI?

Kí ló ń ṣe ọmọ?

Bí ẹ̀rù bá pọ̀, àwọn ìbéèrè ọdún tó kọjá ni wọ́n á máa tún ṣe ní kíláàsì. Ọmọ tó ń sọ Nàgó nílé á há ìdáhùn Faransé sórí láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ìbéèrè bá yí díẹ̀, ó parí.

PASEC ń kọ́ wa lọ́gbọ́n

PASEC yàtọ̀ sí CEP: kò sí ọmọ tó ń fìdí rẹmi níbẹ̀. Ilé ìwé díẹ̀ ni wọ́n ń yàn, láti mọ bí ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ. Benin wà lára orílẹ̀-èdè 10 tó ṣe é ní 2014. Lápapọ̀, ó lé ní ìdajì àwọn ọmọ ọdún kejì tí kò mọ èdè ilé ìwé tó bó ṣe yẹ. Ìṣòro náà ti wà nílẹ̀ kí ọmọ tó dé CM2.

Kí ni òbí lè ṣe?

Òkèèrè la ti ń wo igi ganganran. Láti CP, ẹ ní kọ́mọ yín ka ìwé rẹ̀ sókè, kó sì fi Nàgó sọ ohun tó kà. Ẹ má mú un kúrò nílé ìwé lọ́jọ́ ọjà. Bí ẹ bá lọ sípàdé àwọn òbí, ẹ bèèrè bí nǹkan ṣe ń lọ ní CI àti CP, kì í ṣe CM2 nìkan.