Wolé-wolé ti Ilé-Iṣẹ́

Ta ni kò mọ wolé-wolé nínú àwa àgbà? Bí a bá gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, kíá ni à ń da omi àmù nù sí ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n má baà bá tanwíji nínú rẹ̀. (Èmi náà ti dà á nù rí.) Ṣùgbọ́n irú wolé-wolé mìíràn wà tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀, èyí tí ìjọba ń rán lọ sí ilé-iṣẹ́ láti wo bí ọ̀gá ti ń lo òṣìṣẹ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1819, wọ́n ṣe òfin pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 9 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ òwú. Òfin dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a ń sanwó fún láti wọlé lọ wò ó, àwọn ọmọ kò sì kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ó di 1833 kí ìjọba tó yan ènìyàn 4 péré sí iṣẹ́ náà. Leonard Horner, tí ó dara pọ̀ mọ́ wọn láìpẹ́, lò ju ogún ọdún lọ nídìí rẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, nígbà ogun Hitler, ní 1942, ni ìjọba dá Ẹ̀ka Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ti Michael Imoudu àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé e ní 1945. Ìyẹn di ọjọ́ mìíràn. Òfin ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ dé ní 1955, ti 1987 sì rọ́pò rẹ̀.

Ohun kan wà nínú òfin náà tí mo fẹ́ kí ẹ há sórí. Níwọ̀n ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá wà nínú ilé, a kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí ẹni tí ń bẹ nínú kò fi ní lè ṣí i kíákíá. Ní New York, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta 1911, iná jó ilé-iṣẹ́ aránṣọ kan. Ènìyàn 146 kú, ọ̀dọ́mọbìnrin ni èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn kan pa kí òṣìṣẹ́ má baà jí aṣọ gbé.

Ẹ ó ní ìyẹn jìnnà. Ó dára, Odógunyàn ní Ìkòròdú ńkọ́? Ní oṣù kẹsàn-án 2002, iná ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rọ́bà kan níbẹ̀ lóru. Àwọn tó kú ju ọgbọ̀n lọ, ìròyìn ìgbà náà sì sọ pé títì ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Òfin ti wà láti 1955. Ta ló lọ wo ilẹ̀kùn náà?

Mo ń sọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń wọ ọkọ̀ ní kùtùkùtù láti Ìkòtún lọ sí ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà àti Ìsọlọ̀, àwọn mìíràn sì ń lọ fún iṣẹ́ òru. Ní oṣù kẹwàá 1960, oṣù òmìnira gan-an, Nàìjíríà tọwọ́ bọ Àdéhùn 81 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé. Ó sọ pé olùbẹ̀wò tó ní ìwé àṣẹ lè wọ ilé-iṣẹ́ nígbàkigbà, ìbáà ṣe ọ̀sán, ìbáà ṣe òru, láìránṣẹ́ ṣáájú. Kò sì gbọdọ̀ dárúkọ ẹni tó fi ẹjọ́ sùn.

Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kì í ṣe ti káńsù. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ni ín. Nítorí náà, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni kí ẹ lọ. Bí olùbẹ̀wò bá dé ẹnu ọ̀nà, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀gá mọ̀ pé ẹnì kan ló pè é wá.