Ilé Ìlójò ní Gbàgede Tinúbú

Lọ́dún 1855, nígbà tí Ọba Dòsùmú wà lórí oyè, tó sì ku ọdún mẹ́fà kí Èkó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ìdílé Fernandez kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan síbi tí a mọ̀ sí Gbàgede Tinúbú lónìí. Àgùdà ni wọ́n, lára ìran àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí òkè òkun, tí àtọmọdọ́mọ wọn padà wálé pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà lọ́wọ́. Casa do Fernandez ni wọ́n ń pe ilé náà. Wọ́n ń ta ọtí àti oúnjẹ nínú rẹ̀. Ojú fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè, ọnà ara ògiri rẹ̀ sì jẹ́ àwòwò-tún-wò.

Lọ́dún 1933, Alfred Ọláìyá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Ìsù ní Èkìtì, rà á, ó sì sọ ọ́ ní Ìlójò. Ọmọ rẹ̀ ni Victor Ọláìyá, ògbóǹtarìgì olórin highlife tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀. Báyìí ni ilé Àgùdà ṣe di ilé Èkìtì, tí orúkọ ìdílé méjèèjì sì wà nínú ìtàn rẹ̀.

Lọ́dún 1956, ìjọba kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Láti ìgbà náà, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni wó o láìgba àṣẹ. Síbẹ̀, ilé náà ń gbó, àtúnṣe tó yẹ kò sì dé. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ilé tó lo ọdún 161 kò la ọjọ́ kan já.

Ẹ̀yin ará Ọ̀fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ni Ilé Ìlójò wà, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìwé ìjọba nìkan kì í dá ilé dúró. Àwọn tó ni ín ló ń dá a dúró. Bí bàbá ńlá yín bá fi ilé sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ àti ọdún tó kọ́ ọ sílẹ̀. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ sì fẹnu kò nípàdé ẹbí lórí ẹni tí yóò máa tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Ẹ má dúró de ìjọba.