Ìlú tí igbó gbà: Kétu, 1886 sí 1894

Ní 1886, ogun Dàhọ̀mì lábẹ́ ọba Glele dó ti Kétu, wọ́n sì fọ́ ọ. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú lọ sí ìhà Àgbómẹ̀. Ní 1892 ni àwọn Faransé wọ Àgbómẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 1894, àwọn ará Kétu ti ń padà sórí ilẹ̀ wọn. Ìtàn tí wọ́n kọ́ wa ní ilé-ìwé máa ń fo ọdún mẹ́jọ yìí. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ilé alámọ̀ ni ilé Kétu. Bí iná bá ti jó koríko orí ilé tán, òjò ni yóò parí iṣẹ́ ogun: ògiri á rọ̀, á wó, ikán á jẹ igi àjà, koríko á hù lórí òkìtì, igi á sì tẹ̀ lé e. Èdè Faransé ní *ruine* fún irú ibẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń ránni létí òkúta tó ṣẹ́ kù. Ahoro tiwa yàtọ̀: ibi tí ènìyàn ti tán ni. Kò bèèrè pé kí ògiri kankan dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ náà, ṣì wà ní Kétu.

Báwo ni a ṣe ń gba ìta padà lọ́wọ́ igbó? Inú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni mo ti rí ohun tó jọ ìdáhùn. Ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ní Kétu, kí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ tó jáde wá kọrin, àwọn òṣèré mìíràn ti kọ́kọ́ wọ agbo: Arábì Ajígbálẹ̀, Agbéná, Apaná. Ẹ jẹ́ kí a tú orúkọ wọn: a-jí-gbá-ilẹ̀, a-gbé-iná, a-pa-iná. Gbólóhùn kúkurú ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ẹni tó ń tún ilẹ̀ ṣe ló sì wà nínú wọn. Àgbẹ̀ tó ti iná bọ igbó mọ̀ pé pípa iná náà jẹ́ apá kan iṣẹ́.

Mi ò sọ pé ogun 1886 ló bí àwọn orúkọ yìí. Ẹlòmíràn yóò ní ibi ni Ajígbálẹ̀ ń gbá kúrò lójú agbo, mi ò sì bá a jiyàn. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ló gbé méjèèjì. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, àjogúnbá àtẹnudẹ́nu ni wọ́n pè é, àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè náà sì ń sáré tọ orin nìkan. Ìgbálẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnu.

Tí ijó ọ̀sán bá sì dé, ẹ wo orí ère: ejò wà níbẹ̀, ẹyẹ wà níbẹ̀. Àwọn ará igbó ti padà wọ ọjà, orí ènìyàn ni wọ́n wà.